Ààwẹ̀ là ń gbà, sàká ńkọ́?

Ìyá Aláǹkàrá, Ìbàdàn

Àsàlámù àlékùm, ẹ̀yin ará. Ẹ kú ààwẹ̀ o, Ọlọ́hun á gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ là síra wa. Ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tó ń rán ẹnikẹ́ni létí pé Rámàdáànù ti dé. Ọmọ ọdún méje á ní òun náà fẹ́ gba ààbọ̀ ọjọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá pàápàá kò ní jẹun ní gbangba. Tó bá di aago mẹ́rin ìdájí, iná ti tàn nílé ìdáná gbogbo, a ti dìde fún sààrì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n sàká, ìpín tí Ọlọ́hun ní ká máa yọ nínú ohun ìní wa fún àwọn tó tọ́ sí, tí òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú òpó márùn-ún tí ẹ̀sìn dúró lé lórí, ẹ bi oníṣòwò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́jà léèrè bó ṣe ń ṣírò tiẹ̀. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni, "Èmi máa ń ṣe sàárà dáadáa o." Ó ń dùn mí, nítorí àwọn tó lówó láàárín wa ò kéré, àwọn tí ebi ń pa nínú mọ́ṣáláṣí kan náà ò sì kéré.

Àǹkárá àti léèsì ni mò ń tà ní Gbági. Bí ààwẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo máa ń ra ìrẹsì àti ṣúgà fún àwọn opó àdúgbò, mo sì máa ń gbé oúnjẹ ìṣínu lọ sí mọ́ṣáláṣí wa. Ẹ wá bá mi dáhùn: ṣé èyí lè dúró fún sàká? Tí kò bá lè dúró, báwo lèèyàn ṣe ń ṣírò ọjà tó wà lórí pẹpẹ, tí òmíràn wà lọ́wọ́ oníbàárà láwìn, tí èmi náà sì jẹ àwọn aláṣọ Èkó lówó? Mo tún ní ilẹ̀ kan lọ́nà Mọ́níyà tí mo rà pé tó bá gbówó lórí kí n tà á. Ṣé òun náà wà nínú ẹ̀?

Ọmọ Kéú, Ìlọrin

Wàálékùm sàlámù, ìyá wa. Ọlọ́hun á bùkún ọjà yín.

Sàárà kì í dúró fún sàká. Sàárà, ohun tó bá wu èèyàn ni, ìgbà tó bá wù ú, fún ẹni tó bá wù ú, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Sàká ní iye, ó ní àsìkò, ó ní àwọn tó tọ́ sí, ó sì gbọ́dọ̀ ní àníyàn: kí ẹ mọ̀ lọ́kàn yín nígbà tí ẹ ń yọ ọ́ pé sàká lẹ̀ ń yọ. Ìrẹsì tí ẹ ti pín látẹ̀yìnwá, láádá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kò sí èyí tó sọnù níbẹ̀. Àmọ́ nàfílà tí èèyàn kí mọ́jú kò lè gba ipò ìrun Súbúhì. Lẹ́yìn tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jáde láyé, àwọn ẹ̀yà Lárúbáwá kan ní àwọn á máa kírun ṣùgbọ́n àwọn ò ní san sàká mọ́. Àbúbákárì, tó di olórí Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì, gbógun tì wọ́n. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ya ìrun nípa sí sàká, òun á bá a jà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó lójú àwọn sàhábà.

Ní ti ìṣírò, ojú ọ̀nà Málíkì, ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn onímọ̀ là sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wa ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Yorùbá, ni mo máa fi ṣàlàyé. Ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọdún tí a ń fi òṣù kà, ọdún ọlọ́jọ́ 354 tàbí 355. Kò pọn dandan kó jẹ́ inú Rámàdáànù. Ọjọ́ tí owó yín kọ́kọ́ pé gbèdéke (iye tó kéré jù tí sàká fi ń kan èèyàn, mo máa sọ ọ́ nísàlẹ̀) ni ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Tí ọjọ́ náà bá yí po, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ ka gbogbo ọjà. Iye tí ẹ lè tà á lọ́jọ́ yẹn lẹ máa kọ sílẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ rà á. Àǹkárá tí ẹ rà nígbà tó ṣì wọ́n pọ́ọ́kú, tó ti di ìlọ́po méjì lónìí, iye tòní lẹ máa kọ. Èyí tí eku ti jẹ, tí kò sẹ́ni tó máa rà á, kò sí nínú ẹ̀. Pẹpẹ, fáànù, jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ tí ẹ fi ń gbẹ́rù kò sí nínú ẹ̀, nítorí ẹ ò tà wọ́n. Ẹ ro owó ọwọ́ àti ti báńkì mọ́ ọn, títí kan èyí tó wà lọ́dọ̀ alájọ. Àwìn tí ó dá yín lójú pé wọ́n máa san, ẹ ro ó mọ́ ọn. Èyí tí ẹ ti gbà pé ó bómi lọ, ẹ fi sílẹ̀ títí tí Ọlọ́hun á fi mú u padà. Lẹ́yìn náà kí ẹ yọ gbèsè tí ẹ jẹ kúrò.

Ká sọ pé ọjà jẹ́ mílíọ̀nù 26 náírà, owó ọwọ́ àti ti báńkì mílíọ̀nù 3, àwìn tó dájú mílíọ̀nù 2. Àpapọ̀ rẹ̀ mílíọ̀nù 31. Ẹ jẹ àwọn aláṣọ Èkó ní mílíọ̀nù 5, ó ku 26. Ìdá kan nínú ogójì ni sàká, ìyẹn 650,000 náírà.

Gbèdéke tí mo wí ni wúrà gíráàmù 85, tàbí fàdákà gíráàmù 595. Ẹ béèrè iye tí gíráàmù kan ń lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 85 bó bá jẹ́ wúrà, tàbí 595 bó bá jẹ́ fàdákà. Bí ohun tó kù lẹ́yìn gbèsè kò bá tó o, sàká ò tíì kàn yín. Wúrà wọ́n ju fàdákà lọ fíìfíì lóde òní, nítorí náà àwọn onímọ̀ kan ní ti fàdákà ni kí a lò kí àwọn aláìní lè rí gbà, àwọn mìíràn ní ti wúrà. Òpin àlàyé nípa ìyẹn, ẹ bi àlùfáà tí ẹ fọkàn tán.

Ilẹ̀ Mọ́níyà: ní ọ̀nà Málíkì, ohun tí èèyàn rà tó jókòó dè pé kó gbówó lórí, kì í yọ sàká rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọjọ́ tó bá tà á ló máa yọ ti ọdún kan, bó tilẹ̀ wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Èyí yàtọ̀ sí ẹni tó ń ra ilẹ̀ tó ń tà á lójoojúmọ́ bíi tiyín lọ́jà. Ìyẹn máa ka tiẹ̀ mọ́ ọjà.

Baba Ràfíù, Òṣogbo

Alùfáà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́ ara wa. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń gba owó orí, ìjọba ìbílẹ̀ ń gba tiẹ̀, ẹgbẹ́ ọjà ń gbà, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ń fowó lé e lọ́dọọdún. Ibo lèèyàn ti fẹ́ rí 650,000 náírà yọ? Àti pé ta lẹ fẹ́ kó o fún? Àwọn tí mo mọ̀ tó ń gba sàká ní mọ́ṣáláṣí, ọwọ́ ara wọn ló ń pẹ́ sí.

Ìyá Aláǹkàrá, Ìbàdàn

Baba Ràfíù, ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́. Owó tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, inú ọdún la ti ń san án. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ la ń ṣírò lọ́jọ́ sàká. Bí owó orí bá ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, kò sóhun tí a ó yọ. Ṣùgbọ́n a mọ ara wa lọ́jà. Ẹni tó ní kò rí sàká yọ, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dá aṣọ ẹbí tó gbowó lórí fún ìnáwó ọmọ rẹ̀. A máa ń rí owó ìyẹn, a máa ń rí owó hájì ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Hájì tó jẹ́ ọ̀ranyàn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ní gbogbo ayé ẹni. Sàká ọdọọdún ni. Èyí tí Ọlọ́hun ní ká máa ṣe lọ́dọọdún la fi sílẹ̀, èyí tó ní ká ṣe lẹ́ẹ̀kan là ń tún ṣe.

Ti àwọn tó ń gbà á tí wọn kì í pín in, òótọ́ lẹ sọ. Kò sì fún wa láyè láti má yọ ọ́. Ẹ fọwọ́ ara yín fún ẹni tó tọ́ sí.

Ọmọ Kéú, Ìlọrin

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Súrà kẹsàn-án, áyà 60, ti ka àwọn tó tọ́ sí: àwọn aláìní, àwọn tálákà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí gbígbà rẹ̀, àwọn tí a fẹ́ fa ọkàn wọn mọ́ra, ìdásílẹ̀ ẹrú, àwọn onígbèsè, ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, àti onírìn-àjò tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́jọ yìí ni, kò sí ìkẹsàn-án. Èèyàn kì í fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kì í fún ọmọ rẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọkọ kì í fún ìyàwó, nítorí gbígbọ́ bùkátà wọn ti wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àbúrò ẹni tó jẹ́ aláìní, ọmọ ẹ̀gbọ́n, ìyàwó àbúrò tó di opó, àwọn wọ̀nyí tọ́ sí i, láádá méjì ló sì wà níbẹ̀: ti ìtọrẹ àti ti dída ìbátan pọ̀.

Ẹni tí kò bá ráyè wá wọn kiri, àwọn àjọ wà tó ń ṣe é bí iṣẹ́, bíi Zakat and Sadaqat Foundation ní Èkó. Wọ́n máa ń gbà á, wọ́n á fi dá àwọn aláìní lókòwò. Ẹ béèrè ìròyìn bí wọ́n ṣe ná an. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Nọ́ọ̀sì Bàṣírátù, Abẹ́òkúta

Ẹ dákun, kí n ya bàrà sí ti ààwẹ̀ díẹ̀, nítorí ìyá wa sọ pé ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kì í jẹun ní gbangba. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í jẹun ní kọ̀rọ̀ pàápàá, ohun tó ń gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa nìyẹn.

Màmá kan wà tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó lo oògùn rẹ̀ ní sààrì, omi àti dàbínù méjì ló fi tẹ̀ lé e, ó ní oúnjẹ ò wu òun. Lẹ́yìn ìrun Àsírì ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò ó tí ìborùn rẹ̀ fi rin, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Àwọn ará ilé rò pé òùngbẹ ni. Wọ́n ní kó rọ́jú, wákàtí méjì péré ló kù. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé, ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi tí kò mọ ibi tó wà mọ́. Ọlọ́hun yọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó rí dókítà rẹ̀ kí ààwẹ̀ tó wọlé, nítorí oògùn mìíràn wà tí wọ́n máa dín kù tàbí tí wọ́n máa yí àsìkò rẹ̀ padà. Ẹni tó ń gún ínsúlínì, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣe ségesège, ọ̀pọ̀ ìgbà la ó ní kó má gbà á rárá. Ẹni tó bá ń gbà á, kí ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sàn-án. Gígún ìka kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti fi 70 (mg/dL) tàbí ohun tó kéré sí i hàn, tàbí tó bá kọjá 300, kí ó ṣínu lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n pèrun Màgàríbì. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú áyà tó fi pàṣẹ ààwẹ̀ pé ìrọ̀rùn ni òun fẹ́ fún wa, òun ò fẹ́ ìnira. Kí ló dé tí a ń fi ìnira lé ara wa lórí?

Mọ̀dínátù, Ṣàgámù

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kì í ṣe èyí tó máa lọ, kí ló máa fi rọ́pò? Èmi náà ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ mi ò tíì pé oṣù mẹ́ta, ọmú sì ń gbẹ tí mo bá gbààwẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ọmọ Kéú, Ìlọrin

Mọ̀dínátù, ẹ má fìyà jẹ ọmọ. Ẹ jẹun. Ẹ máa san ààwẹ̀ yín padà tó bá rọrùn. Ní ọ̀nà Málíkì, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú á san án padà, á sì fún aláìní kan ní mùdù oúnjẹ kan (ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bù lẹ́ẹ̀kan) fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó jẹ. Aláboyún ní tiẹ̀, sísan ààwẹ̀ padà nìkan ni. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jiyàn.

Arúgbó tí kò lè gbà á mọ́, àti aláìsàn tí ìwòsàn rẹ̀ ò sí nítòsí, kò ní san ààwẹ̀ kankan padà. Yóò máa bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ kan ní dandan ni, ti Málíkì ní ó dára kó ṣe é. Ẹni tí kò lówó ìyẹn, Ọlọ́hun ò di ẹrù tí kò lè gbé rù ú.

Ẹni tó jẹ ààwẹ̀ ọdún tó kọjá tí kò san án títí Rámàdáànù mìíràn fi wọlé, tí kò sì ní àwíjàre, á san án, á tún fi mùdù kọ̀ọ̀kan lé e. Àwọn obìnrin wa máa ń gbàgbé ọjọ́ oṣù wọn. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ sínú fóònù.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn

Ìṣẹ́yìn ni mo wà. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ yìí, ọjà àti báńkì lẹ ń sọ. Àwa tí a ní àgbàdo lóko ńkọ́? Mo tún gbin ẹ̀gẹ́, mo ní igi kajú, àbúrò mi sì ń sin ewúrẹ́.

Ọmọ Kéú, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ oko, bàbá. Tiyín gan-an ló kọ́kọ́ yẹ ká sọ. Sàká ohun oko kì í dúró kí ọdún yí po. Ọjọ́ ìkórè ni, bí Súrà kẹfà, áyà 141, ṣe wí. Bí àgbàdo yín bá ti gbẹ, tí ẹ ti yìn ín kúrò lára ṣùkù, tó tó nǹkan bíi kílò 653, ó ti pé gbèdéke. Ìyẹn á tó àpò mẹ́fà ààbọ̀, tí àpò kan bá gba ọgọ́rùn-ún kílò. Bó bá jẹ́ omi òjò ló wò ó, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ pé ẹ fa omi sí i pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ẹ ń rapo sí, ìdá kan nínú ogún. Ẹni tó kórè àpò ogójì lábẹ́ òjò, àpò mẹ́rin ni ti àwọn aláìní. Ìrẹsì àti ọkà bàbà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gẹ́, iṣu àti kajú kò sí nínú èyí ní ọ̀nà Málíkì. Owó tí ẹ bá tà wọ́n ni, bó bá pé gbèdéke tó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ yín, ẹ óò yọ ìdá kan nínú ogójì rẹ̀. Ti ọ̀nà Hánáfì gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí èèyàn bá gbìn tó jáde nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń yọ nínú ẹ̀. Ewúrẹ́ àbúrò yín: tí ewúrẹ́ àti àgùntàn pa pọ̀ bá ti pé ogójì, ẹyọ kan. Kò sí àlékún títí tí wọ́n á fi kọjá 120. Màlúù, ọgbọ̀n ló máa pé kó tó yọ ọ̀dọ́ màlúù kan.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn

Ó yé mi. Bàbá mi máa ń ṣe é nígbà tí wọ́n wà láyé. Wọ́n máa ń gbé àpò àgbàdo síta ní oko ká tó di ẹrù wálé. Àwa la fi sílẹ̀.

Ọmọ Èkó ní Manchester

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ààwẹ̀ o. Ààwẹ̀ ti dẹ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí tó ti ń bọ́ sí ìgbà òtútù, ọjọ́ kúrú. Nígbà tó bọ́ sí oṣù kẹfà ní 2016, ó ju wákàtí méjìdínlógún lọ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá ní ààwẹ̀ láti san padà níhìn-ín, oṣù kejìlá ni kó san án.

Ìbéèrè mi, lórí jàká ni, èyí tí à ń yọ fún orí kọ̀ọ̀kan ní òpin ààwẹ̀. Owó ni mọ́ṣáláṣí tí mò ń lọ níbí ń gbà, iye kan fún orí kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ní Òṣòdì ní owó kì í ṣe jàká, oúnjẹ ni. Èwo ló tọ̀nà? Ṣé mo sì lè fi tèmi ránṣẹ́ sílé? Nítorí mi ò mọ ẹni tí ebi ń pa ní àdúgbò mi níbí, mo sì mọ̀ wọ́n ládùúgbò bàbá mi.

Baba Ràfíù, Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ jàká yìí gan-an ló ń bí mi nínú. Lálẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ ọ̀la máa mọ́ ọdún ìtúnu, ìrẹsì, gàrí, èlùbọ́, gbogbo rẹ̀ á kún iwájú ilé àlùfáà. Àpò lórí àpò. Opó tó ń gbé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kò ní rí kóńgò kan. Lẹ́yìn ọdún, ẹ máa rí àwọn ará ilé àlùfáà tó ń ta á lọ́jà.

Ọmọ Kéú, Ìlọrin

Baba Ràfíù, ọmọ àlùfáà lèmi náà, mo sì fara mọ́ ohun tí ẹ sọ. Àlùfáà tó jẹ́ aláìní lè gba jàká nítorí pé aláìní ni. Kò sí ẹ̀tọ́ tiẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé àlùfáà ni. Ìbínú-Ábáàsì, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, sọ fún wa pé Ànábì ṣe jàká ní ọ̀ranyàn láti fọ aláàwẹ̀ mọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àsọdànù, àti láti jẹ́ oúnjẹ fún àwọn tálákà. Tálákà ló dárúkọ. Àlùfáà tó mọ̀ ọ́n pé tálákà ló ni ín, tó wá ń tà á, ìbéèrè rẹ̀ wà lọ́jọ́ ìgbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n hàn, nítorí ìyẹn náà ń dàrú. Sáà kan fún orí kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, títí kan ọmọ tí wọ́n bí kí ọdún ìtúnu tó bẹ̀rẹ̀. Sáà kan jẹ́ mùdù Ànábì mẹ́rin. Ẹ mú ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ò tóbi jù tí kò kéré jù, kí ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kó má tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kó má ká ìka jọ. Ohun tí ọwọ́ náà bá bù lẹ́ẹ̀kan ni mùdù kan. Bíbù mẹ́rin ni sáà. Mùdù tí wọ́n fi ń wọn ọjà lọ́dọ̀ wa ní Ìlọrin yàtọ̀ sí èyí, kóńgò Ìbàdàn náà yàtọ̀. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílò méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ìrẹsì fún orí kan. Kóńgò kan ò tó.

Ní ti owó, oúnjẹ tí ìlú ń jẹ ni ọ̀nà Málíkì sọ. Ọ̀nà Hánáfì gba owó láyè, ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí ní Lọ́ńdọ̀n àti Manchester ló sì ń tẹ̀ lé wọn. Bàbá yín ò jẹ̀bi, mọ́ṣáláṣí yín náà ò jẹ̀bi. Ẹ máa fọ̀wọ̀ bá bàbá yín lò.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Salvador

Àsàlámù àlékùm láti Bàhíà, ní Brazil. Ẹ ka ìdásílẹ̀ ẹrú mọ́ àwọn mẹ́jọ lókè, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ á ní ìyẹn ò kan àwa. Ó kan àwọn ẹbí wa níhìn-ín rí. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí Salvador, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, tí àwọn ará ibí ń pè ní Malê, jọ máa ń gbààwẹ̀, wọ́n sì jọ máa ń ṣínu bí wọ́n ṣe wà lóko ẹrú yẹn. Àlùfáà wọn kan wà tó ń jẹ́ Licutan. Olówó rẹ̀ jẹ gbèsè, wọ́n sì fi àlùfáà náà sẹ́wọ̀n kí wọ́n lè tà á fi san gbèsè ọ̀hún. Àwọn ọmọ kéú rẹ̀, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ẹrú fúnra wọn, da owó jọ láti rà á padà. Olówó rẹ̀ kọ̀. Òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1835 ni àwọn Malê dìde ogun ní Salvador, nínú ọjọ́ mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn Rámàdáànù. Wọ́n gbìyànjú láti já ilé ẹ̀wọ̀n tó wà nínú ẹ̀, wọn ò rí i ṣe. Ẹrú tí kò ní nǹkan kan ń yọ kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan láti tú ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kí n sọ ọ́ fún àwọn tó ń sọ pé ibo làwọn ti fẹ́ rí sàká yọ.

Baba Ràfíù, Òṣogbo

Mo gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Ìyá Aláǹkàrá, Ìbàdàn

Àwọn ẹrú wà lọ́dọ̀ wa títí di òní, gbèsè ló dè wọ́n. Ẹ lọ wo ilé ìwòsàn. Obìnrin tó bímọ tán tí kò rí owó san, wọn ò ní jẹ́ kó lọ sílé, á wà lórí ẹní nílẹ̀ títí tí ẹnì kan á fi ṣàánú rẹ̀. Onígbèsè ni, ó wà nínú mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé tèmi lọ lọ́dún yìí, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ṣé mo lè san án tààrà fún ilé ìwòsàn tàbí ọwọ́ obìnrin náà ni mo gbọ́dọ̀ kó o sí? Àti pé àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa ti ń bá mi sọ pé kí n fi owó sàká náà bá wọn ra páànù òrùlé.

Ọmọ Kéú, Ìlọrin

Ìyá wa, ẹ má fi sàká ra páànù. Ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Málíkì, Hánáfì, Ṣáfíì àti Hánbálì, kò gbà á láyè kí a fi sàká kọ́ mọ́ṣáláṣí. Ẹ fi owó mìíràn bá wọn ra páànù, láádá ńlá ló wà nínú ìyẹn náà, àmọ́ kì í ṣe owó aláìní ni wọ́n máa fi ṣe é. Ó dùn mí láti sọ ọ́, mọ́ṣáláṣí pọ̀ lọ́dọ̀ wa tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìsì tó ń dán, tí àwọn tó ń kírun lórí rẹ̀ ò rí ìṣínu jẹ ju omi lọ.

Ti gbèsè ilé ìwòsàn, ẹ kọ́kọ́ wádìí pé Mùsùlùmí tí kò ní ni. Kí ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ bá a san gbèsè rẹ̀, kó gbà, kí ẹ tó san án fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn yín á ṣe balẹ̀ jù lọ. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù.

Ọmọ Èkó ní Manchester

Ẹ kú àlàyé. Kí n tó fowó ránṣẹ́ sí Òṣòdì, ọjọ́ wo ló yẹ kó dé ọwọ́ wọn? Ọjọ́ òṣù tiwa àti tiyín kì í sábà dọ́gba.

Ọmọ Kéú, Ìlọrin

Ẹ fi owó náà ránṣẹ́ nísinsìnyí sí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, kó fi ra ìrẹsì pamọ́. Òun ni aṣojú yín, nítorí náà owó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì di jàká. Ọjọ́ kan tàbí méjì kí ọdún tó pé ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, kó sì ti parí kí wọ́n tó kírun yídì. Èyí tó bá dé ọwọ́ aláìní lẹ́yìn ìrun, sàárà lásán ni hádíìsì Ìbínú-Ábáàsì pè é. Bí ìlú yín bá máa ṣọdún ṣáájú Òṣòdì, kó ti pín tiyín kí ẹ tó lọ kírun. Ẹ ka gbogbo orí tó wà nílé yín fún un, títí kan ọmọ ọwọ́, kí ẹ sì sọ fún un pé kílò ni kó fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe kóńgò.